Pápákọ̀ Òfurufú Tí Bàbá Mi Fẹ́ Kó Wà ní Mówè

Òórùn ni mo fi máa ń mọ ọkọ̀ òfurufú tó bá ti Èkó dé. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún àwa tá a fẹ́ tún inú rẹ̀ ṣe, òórùn ẹja gbígbẹ, òórùn òróró ìpara àti ti ara èèyàn tó ti jókòó pẹ́ á jọ kọ lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á fọwọ́ bomú. Èmi á fà á símú dáadáa.

Nínú àpò ẹ̀yìn ìjókòó ni mo ti máa ń bá ohun tí àwọn èèyàn wa fi sílẹ̀: awẹ́ obì kan, pákò tí wọ́n fi bébà wé, ẹ̀pà díẹ̀ nínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ kan, gàárì ti dà sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gàárì Ìjẹ̀bú ni, ó kúnná dáadáa. Mo kúnlẹ̀ láti gbá a. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo sì bu díẹ̀ lé ahọ́n. Ó kan bó ṣe yẹ kó kan. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ mi láàárín àga méjì, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè dìde títí tí ẹnì kan fi pariwo pé ká yára, ọkọ̀ mìíràn ti dé.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi nílùú Frankfurt, ní Jámánì, nìyẹn. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwọn èèyàn nílé ni. Kí n tó lọ, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí n'Íbàfò. Láràárọ̀, mo máa ń kúrò nílé bàbá mi ní Mówè, màá wọ ọkọ̀ lójú márosẹ̀, màá sì dé kíláàsì kí àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà. Bí mo ṣe dé Jámánì kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ti rin irú rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín, kó máa dúpẹ́.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, àìkíra-ẹni ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo débi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, mo bá bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo sì kí i ní ìwọ̀nba èdè wọn tí mo ti kọ́. Ó bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mò ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú rélùwéè, èèyàn á kún bámúbámú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Mo rò pé ẹnì kan ló kú.

Màmá Helga ló là mí lójú. Àwọn ni ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ náà, obìnrin tó tínrín, tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Helga lásán, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Mo gbìyànjú ẹ̀, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ṣáà ń pè wọ́n ní Màmá Helga, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi mọ́ wọn lára. Àwọn ló ṣàlàyé fún mi pé èdè Jámánì ní ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ń pe ẹni téèyàn ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ẹni, ọ̀kan fún ẹni tí èèyàn bá ń bọ̀wọ̀ fún, àti pé èyí tó jẹ́ ti ọ̀wọ̀ yẹn, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe rí. Mo fò sókè.

"Àwa náà ní in! Bá a ṣe ń pe àgbà gẹ́lẹ́ nìyẹn!"

Lọ́jọ́ yẹn, mo padà sí yàrá mi bí ẹni tó bá ìbátan pàdé lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe bàbá mi. Màámi ti kú kí n tó kúrò nílé, àbúrò mi ọkùnrin, Ṣẹ́gun, tó ń ṣe mẹkáníìkì n'Íbàfò, ló ra fóònù fún Bàbá. Ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró lágbo ilé wa, lẹ́bàá kànga. Bàbá á gbé àga síbẹ̀ bí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa retí mi.

"Hẹ́lò! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, sà. Ẹ kú ìsinmi."

"Ṣé o ti jẹun?"

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á bèèrè òtútù, wọ́n á bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wa, torí ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn fẹ́ gùn jù, wọ́n ní:

"Ìlú tó o wà yẹn, ṣé òun ni olú-ìlú wọn?"

"Rárá, sà. Berlin ni olú-ìlú wọn."

"Éápọ́ọ̀tù wọn tó tóbi jù ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ibẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́, o ò sì mọ̀?"

"Bàbá, ilẹ̀ ni mò ń gbá níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi wúkọ́. "Lọ bi wọ́n léèrè. Kò sóhun tó kàn ṣàdédé wà níbi tó wà."

Bí Bàbá ṣe rí nìyẹn. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ibùdó Ifọ̀ ni wọ́n sì ti pẹ́ jù. Àwọn ló ń mójú tó àmì tó ń sọ fún ọkọ̀ ojú irin pé kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Ní Ifọ̀ ni wọ́n bí èmi àti Ṣẹ́gun sí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Ifọ̀ kì bá má rí bó ṣe rí bí kì í bá ṣe pé ibẹ̀ ni ojú irin ti pín, tí ọ̀kan gba Abẹ́òkúta lọ, tí èkejì sì yà sápá Ìdógò. Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ dúró, ẹni tó bá sì dúró á jẹun, á ra nǹkan, á wá ibi sùn. Bí ìlú ṣe ń kún nìyẹn, wọ́n á ní, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ débẹ̀, ilé ló ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tí rélùwéè kò lọ déédéé mọ́, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín irin, Bàbá kó wa lọ sí Mówè, lẹ́yìn àdúgbò Lótò. Àwọn èèyàn rò pé orí wọn ti dà rú. Oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, àwọn onílẹ̀ sì ń sọ ẹ̀ka èdè wọn tí àwa ọmọ á máa sín jẹ. Bàbá ní ọ̀nà ti fi orí irin sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí ọ̀dà, ẹni tó bá gbọ́n kó tẹ̀ lé e. Wọn ò purọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tí lánlọ́ọ̀dù Èkó ti fìyà jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti páànù, láti Ìbàfò títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo bi Màmá Helga ní ìbéèrè Bàbá nígbà tá a jókòó mu kọfí. Wọ́n wò mí, ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi àwọn bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè yìí pín sí méjì lẹ́yìn ogun?"

"Mo gbọ́ ọ níléèwé."

"Berlin wá bọ́ sáàárín ilẹ̀ àwọn apá kejì, bí erékùṣù. Ọkọ̀ òfurufú tiwa gan-an kò láṣẹ láti bà síbẹ̀. Báwo la ṣe máa fi irú ibẹ̀ ṣe ojúkò? Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì wà níbí, wọ́n ní pápá tí wọ́n ń bà sí. Ọ̀nà tó ti àríwá lọ sí gúúsù gba ibí kọjá, ojú irin wà, odò wà. Àwọn báńkì náà wá pàgọ́ síbí." Wọ́n mu kọfí wọn. "Nígbà tí orílẹ̀-èdè padà di ọ̀kan, ìjọba kó lọ sí Berlin. Ṣùgbọ́n ta ló máa ru gbogbo èyí lórí tẹ̀ lé wọn?" Wọ́n na ọwọ́ sí pápá ńlá tó wà níta, níbi tí àwọn ọkọ̀ òfurufú tò sí bí ẹran tó ń sinmi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pariwo débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sétí.

"Bíi tiwa náà ni! Ìjọba kó lọ sí Àbújá, ṣé éápọ́ọ̀tù Ìkẹjà bá wọn lọ? Èkó ló ní òkun, òun ló ní èbúté, ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Láti ìgbà ogun ni ọkọ̀ òfurufú ti ń bà sí Ìkẹjà. Àwọn tó ń rìnrìn àjò ni éápọ́ọ̀tù ń tẹ̀ lé, kì í ṣe àwọn tó ń ṣèjọba!"

Láti ọjọ́ yẹn, ó di àṣà. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n á ní kí n wádìí ti Brazil, pé kí ló dé tó jẹ́ São Paulo. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ti Turkey ni, tàbí ti Morocco tí Casablanca gba iwájú mọ́ olú-ìlú lọ́wọ́. Mo máa ń bi àwọn tí mo bá pàdé nídìí iṣẹ́, ará Turkey tó ń wakọ̀ oúnjẹ, ọmọ Morocco tó ń kó ẹrù, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ títí, torí mo bi wọ́n nípa ilé wọn. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọ̀rẹ́. Ìbéèrè Bàbá sì jẹ́ kí n lè máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi láìsọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n wọ ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fún mi láyè láti máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi ò tíì pé. Bí mo bá jáde, kò dájú pé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé padà. Bí èyí tó ń lọ sí Èkó bá ti gbéra, mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé, ìrù rẹ̀ á máa kéré sí i. Mo ti fọwọ́ mi nu àga rẹ̀, mo ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ inú ọkọ̀ náà tó mi, síbẹ̀ èmi nìkan ni kò lè bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan, Ṣẹ́gun pè mí. Mo sáré gbé e, torí kì í pè láàárín ọ̀sẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Ó ní àwọn kan wá wọn ilẹ̀ lẹ́yìn Lótò, wọ́n ri òpó kúkúrú tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀, wọ́n sì lọ láìsọ nǹkan kan. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ gba ìlú kan. Àwọn kan ní éápọ́ọ̀tù tuntun ló ń bọ̀ wá sí Mówè. Àwọn mìíràn ní rárá, ọ̀nà Ifọ̀ ló máa wà. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé, gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wó ilé àwọn.

"Ni Bàbá wá dìde láàárín èrò, wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ìjọba máa bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wó tàwọn. Ilé tí Màámi kú sí, Àǹtí mi! Àwọn èèyàn ò kí wọn mọ́ ládùúgbò. Bàbá Ìbejì tó ń gbé kọjú sí wa ní ìjọba ló rán wọn níṣẹ́."

"Kí ni Bàbá sọ?"

"Wọ́n ní mi ò lè mọ̀."

Mi ò pe Bàbá lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, Màmá Helga pè mí lọ sílé wọn láti wá jẹ àkàrà òyìnbó. Abúlé kan lẹ́bàá pápákọ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, a jókòó síta lábẹ́ igi ápù. Bí ọkọ̀ òfurufú bá fẹ́ kọjá lókè, Màmá Helga á dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹnu wọn á ṣì ṣí díẹ̀, bó bá ti kọjá tán, wọ́n á bá ọ̀rọ̀ náà lọ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lára ọgbà àwọn aládùúgbò wọn, mo rí aṣọ ńlá tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pé àwọn ò fẹ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú mìíràn.

Mo sọ ohun tí bàbá mi ṣe fún wọn.

"Ọkọ mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀," wọ́n ní. "Òun la fi tọ́ àwọn ọmọ. Mi ò lè bú u. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó máa gbàdúrà pé kó wá." Wọ́n gé àkàrà sí i fún mi. "Bàbá rẹ kì í ṣe aṣiwèrè. Ohun kan wà tí wọ́n ń wá. Bi wọ́n."

Mo pè lọ́jọ́ kejì. Ìró àwọn adìyẹ wa lẹ́bàá kànga ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà. Bàbá, Ṣẹ́gun pè mí."

"Ó ti wá fẹjọ́ mi sùn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n wó ilé wa?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sún àga wọn.

"Ojú mi ọ̀tún ti lọ," wọ́n ní. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ. Dókítà l'Ábẹ́òkúta ní tòsì náà ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwé ló dá ẹ dúró, mi ò bá ẹ wí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé níbí lọkọ̀ náà ti ń bà, lọ́jọ́ tó o bá ń bọ̀, mo lè fi ọ̀pá mi tọ ọ̀nà débẹ̀ fúnra mi, kí n jókòó, kí n máa retí rẹ. Mi ò ní máa wá ẹni tó máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀nà Ìkẹjà yẹn jìn fún ẹni tí kò ríran."

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri yàrá mi. Mo fẹ́ sọ pé mò ń bọ̀ lọ́la. Kì í ṣe òótọ́.

"Bàbá," mo ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kò sóhun tó kàn ṣàdédé wà níbi tó wà. Éápọ́ọ̀tù kì í wá síbì kan torí pé bàbá kan ń retí ọmọ ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ibi tí èrò bá ti pọ̀, tí ọjà bá ti wà..."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

A ò pa fóònù. Mò ń gbọ́ adìyẹ, mò ń gbọ́ ẹni tó ń fa omi nínú kànga, mò ń gbọ́ èémí Bàbá, títí káàdì mi fi tán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá lọ bá Bàbá Ìbejì nílé, wọ́n ní àwọn ti yí ọ̀rọ̀ àwọn padà. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àwọn òpó pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí igbó fi bò wọ́n. Kò sẹ́ni tó padà wá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀rọ pe Màmá Helga láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn náà sì sáré wá bá mi níbi tí mo ti ń da ìdọ̀tí nù. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan láti Èkó jókòó sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Mo lọ bí mo ṣe wà, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá náà di àpò wọn mọ́ra, àwọn òṣìṣẹ́ méjì dúró tì wọ́n.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyá náà gbójú sókè wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú bí ẹni tó rí nǹkan tó sọ nù.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Mówè ni mí, mà."

"Mówè! Ọbáfẹ́mi lèmi! Ẹ̀yìnkùlé yín níbẹ̀ yẹn!" Wọ́n tún di àpò wọn mọ́ra. "Ọmọ mi bímọ ní Amẹ́ríkà, mò ń lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n lé mi sọ̀ kalẹ̀ síbí. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Wọn ò lé yín, mà. Oríta ni ibí. Bí ẹ bá ń ti Ọbáfẹ́mi lọ sí Èkó, ṣé ọkọ̀ kan náà ló ń gbé yín débẹ̀?"

"Rárá o. N ó kọ́kọ́ dé Owódé, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó wọ òmíràn."

"Ibí ni Owódé àwọn òyìnbó, mà. Ẹ fẹ́ wọ òmíràn ni."

Wọ́n wo gbogbo gbọ̀ngàn náà, iná tó ń tàn, èrò tó ń lọ tó ń bọ̀. "Owódé," wọ́n ní. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n fà wọ́n dìde. Mo bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sọ fún mi bí ọmọ wọn ṣe ṣe ọ̀lẹ ní kékeré, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí a fi yà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n mú mi kúrò nídìí ìgbálẹ̀, tí wọ́n fi mí sáàárín àwọn tó ń ran èrò lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ mi sí láyà. Mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí, mo pe orúkọ ara mi sókè, mo sì dá ara mi lóhùn.

Ìwé mi pé nígbà tó yá. Bí mo ṣe ń jáde ní Ìkẹjà, Bàbá ni mo kọ́kọ́ rí láàárín èrò, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, Ṣẹ́gun ní ìgbọ̀nwọ́ kejì. Wọ́n ti rù. Ojú wọn ń wo ibi tí mi ò sí. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn lórí símẹ́ńtì, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ojú mi wò, iwájú orí, imú, àgbọ̀n.

"O ti sanra."

"Ẹ̀wù òtútù ló wà lọ́rùn mi, sà."

"Bọ́ ọ. O ti dé ibi oòrùn."

Ìbàfò tí mo fi sílẹ̀ kọ́ ni mo bá. Ilé ìwé tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ti di ilé epo. Ní Mówè, mi ò dá ojú ọ̀nà ilé wa mọ̀, Ṣẹ́gun ló júwe rẹ̀. Òrùlé ti bo gbogbo oko ẹ̀yìn Lótò, táńkì omi wà lókè wọn. Mo ti gbé Mówè kan sọ́kàn lọ sí Jámánì, mò ń fi í sùn, mò ń fi í jí, àṣé Mówè gidi ò dúró dè mí. Lọ́jọ́ kẹta, mò ń yára lọ ra búrẹ́dì, ìyá kan ládùúgbò sì pè mí padà.

"Ìwọ, ṣé wọn kì í kí èèyàn níbi tó o ti wá?"

Ojú tì mí débi tí mo fi kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Èmi tí àìkíra-ẹni kọ́kọ́ bà lẹ́rù ní Jámánì.

Bàbá ní ká lọ sí Ifọ̀. Ṣẹ́gun gbé wa lọ. Ewúrẹ́ ló sùn sí ibùdó náà, koríko sì ga dé orúnkún. Bàbá fi ọ̀pá wọn wá irin láàárín koríko, nígbà tí wọ́n sì bá a, wọ́n lù ú. Ó dún gooro. Wọ́n tún lù ú, wọ́n tẹ́tí sí i, ẹ̀rín bo ojú wọn. A jókòó sórí pèpéle títí oòrùn fi rọ̀, wọ́n ń sọ fún mi ibi tí ọlọ́sàn máa ń dúró sí, ibi tí Màámi dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn. Wọn ò ṣi ibì kankan júwe. Wọn ò nílò ojú fún un.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, wọ́n ní àwọn máa sìn mí, ẹnikẹ́ni ò lè yí wọn lérò padà. A dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń dá ẹni tí kò rìnrìn àjò dúró. Wọ́n gbàdúrà fún mi lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ń fọwọ́ pa mí léjìká.

"Tó o bá ti délé, kó o pè mí o."

"Mo gbọ́, sà."

Mo ti wọlé, mo ti ń wọ́ báàgì mi lọ, kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ilé. Mo yíjú padà láti sọ fún wọn pé ilé ni mo ti ń bọ̀ yìí. Bàbá ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára jù ú sí obìnrin kan tó ga bíi tèmi, tó ń wọ́ báàgì lọ lápá òdìkejì. Ṣẹ́gun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, mo mi orí sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó rí bàbá àgbàlagbà tó ń juwọ́ sí i. Ó dúró. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì juwọ́ padà.